Hóró Oògùn Tí Wọn Kò Fún Mi

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé nǹkan kan hù sínú ọpọlọ rẹ, ìwọ ni mò ń kọ èyí sí. Mo mọ bó ṣe rí. Ilé lè kún fún èèyàn, kí àdúrà máa lọ lọ́tùn-ún lósì, kó sì jẹ́ pé ìwọ nìkan lo jókòó sínú orí ara rẹ pẹ̀lú àlejò tí o kò pè. Mi ò ní sọ fún ọ pé má bẹ̀rù. Ẹ̀rù bà mí, ó sì tún máa ń bà mí títí di òní. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí o lè mọ ibi tí mo ti kọsẹ̀, kí o sì mọ̀ pé mo ṣì wà níbí.

Ràfíátù lorúkọ mi. Ọmọ Ṣakí ni mí, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣòwò. Tùràrí àti òróró olóòórùn dídùn ni mò ń tà ní Dùgbẹ̀, nínú ìsọ̀ kékeré kan lẹ́yìn àwọn báǹkì. Àwọn oníbàárà mi ń pè mí ní Àlíjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà rí. Ọkọ mi ti ṣaláìsí tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Kúdírátù, tó ń kàwé ní yunifásítì, tó sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ní Agbowó. Èmi nìkan ni mò ń gbé ní Bódìjà, nínú yàrá méjì, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Imú mi ni mo fi ń jẹun. Bí o bá da aṣọ bojú mi, mo lè mọ mísíkì gidi yàtọ̀ sí ayédèrú, mo sì lè sọ fún ọ irú òróró tí ìyá rẹ fi ń para nígbà tó wà lọ́mọge, bí o bá ṣáà ti mú ìborùn rẹ̀ wá fún mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fura pé imú náà ni àìsàn máa gbà wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń da òróró sínú ìgò fún obìnrin kan tó fẹ́ gbé ọmọ fọ́kọ, ni mo bá gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Kì í ṣe díẹ̀. Ó kún ọ̀fun mi. Mo sáré jáde wá wo wáyà iná tó wà lórí ìsọ̀.

Mo ké sí Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta bàtà ọmọdé ní ìsọ̀ tó tẹ̀lé tèmi. "Bọ́sẹ̀! Kí ló ń jóná?"

Bọ́sẹ̀ náà jáde, ó na imú sókè. "Kò sí nǹkan tó ń jóná o, Ìyá Kúdí. Èéfín mọ́tò ni bóyá."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, òórùn náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó tún padà wá. Bó bá ti fẹ́ dé, inú mi á kọ́kọ́ rú, bí ìgbà tí mọ́tò bá já wálẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lẹ́yìn náà ni á wá dà bí ẹni pé gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú mi ti ṣẹlẹ̀ rí, pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́. Mo pe oníṣẹ́ iná wá sí Bódìjà, ó tú gbogbo wáyà ilé, kò rí nǹkan kan. Mo bá aládùúgbò mi jà, mo ní ó ń dáná sun táyà lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin náà búra títí, mi ò gbà á gbọ́. Ta ló máa gba ẹlòmíràn gbọ́ nígbà tí imú òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí?

Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Ó ní nígbà mìíràn òun á máa bá mi sọ̀rọ̀, èmi á kàn máa wò, màá máa jẹ ẹnu bí ẹni ń jẹ obì, lẹ́yìn náà màá béèrè pé kí ló wí. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù, pé mo lè má sí níbẹ̀ kí n má sì mọ̀.

Ọjọ́ tó burú ni ọjọ́ tí mo ṣubú. Àárọ̀ ọjà ni, Dùgbẹ̀ kún. Mo kàn rántí òórùn rọ́bà yẹn ni. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ ni mo wà, ahọ́n mi ti ya, ẹsẹ̀ èèyàn ló yí mi ká, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí mi, bí ẹni pé inú kànga ni mo wà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Wárápá ni! Itọ́ ẹnu rẹ̀ á ràn yín!" Bọ́sẹ̀ nìkan ló kúnlẹ̀ tì mí. Ó ti yí mi sí ẹ̀gbẹ́, ó fi gèlè rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún mi, ó sì ń nu ẹnu mi pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Mi ò jẹ́ gbàgbé ìyẹn láé, ohun yòówù tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ kí n tó máa lọ: gìrì kì í ràn. Itọ́ rẹ̀ kì í ràn. Bí ẹnì kan bá ṣubú bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ, yí i sí ẹ̀gbẹ́, kó ohun tó le kúrò nítòsí orí rẹ̀, má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, má da nǹkan kan sí i lọ́fun, kí o sì wá bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọ̀pọ̀ ló ti mọ èyí, síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn tó ti ń ra tùràrí lọ́wọ́ mi láti ọdún pípẹ́ ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ mi kọjá. Àwọn tó jẹ́ aládùúgbò mi ní ọjà ń fi omi ṣan ife tí mo bá fi mu omi lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ń jìnnà sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Múráínà, wá láti Ṣakí nígbà tó gbọ́. Òun ni olórí ìdílé wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ó sì nífẹ̀ẹ́ mi.

"Ràfíátù, àlùjànnú ni," ó wí. "Àwọn àlùjànnú fẹ́ràn òórùn dídùn. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ o wà láàárín tùràrí. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lo wà nínú ìsọ̀ yẹn ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òórùn rọ́bà ni mò ń gbọ́, kì í ṣe tùràrí."

"Ìyẹn gan-an ni mò ń wí. Wọ́n ń bínú."

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àfáà. Mo mu hàntú, wọ́n ka Kùránì sí mi létí, wọ́n ní kí n fi ọjà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mi ò ní bú àdúrà láéláé. Àdúrà gbé mi ró. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe èyí, ohun tó hù sí mi lórí ń dàgbà, kò bá wa ṣe ìsinmi. Nígbà tí mo tún ṣubú lẹ́ẹ̀kejì nínú ilé, tí mo jí fúnra mi lórí símẹ́ǹtì ilé ìdáná láìsí ẹnikẹ́ni, mo dìde, mo wẹ̀, mo lọ sí ilé ìwòsàn.

O mọ bí ìlà ilé ìwòsàn ṣe rí. Bí o kò bá mọ̀, wàá mọ̀. Mo máa ń kírun àsùbáà tán kí n tó jáde ní Bódìjà, síbẹ̀ màá bá èèyàn lórí bẹ́ńṣì. Ibi gbígba káàdì wà lọ́tọ̀, ibi ìsanwó wà lọ́tọ̀, ibi tí wọ́n ti ń yẹ èèyàn wò wà lọ́tọ̀, gbogbo ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì sì ti ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ mi: "Mà, ta ló tẹ̀lé yín wá?"

Màá ní, "Èmi nìkan ni."

Wọ́n á tún gbójú sókè wò mí. Mi ò tíì sọ fún Kúdí nígbà náà. Ìdánwò ló ń ṣe. Mo rò pé mò ń ṣàánú rẹ̀ ni.

Wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò inú orí ní Ring Road. Nígbà tí mo mú un padà dé, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ orí gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wò ó pẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè.

"Àlíjà, kókó kan wà nínú ọpọlọ yín, níbí, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Òun ló ń fa gìrì. Òun náà ló ń fún yín ní òórùn tí ẹ sọ."

"Ṣé ẹ ń sọ pé kò sí nǹkan tó jóná rárá?"

"Kò sí, mà. Inú orí yín ló ti ń wá."

Ẹkún gbé mi lọ. Dókítà rò pé nítorí kókó náà ni. Kì í ṣe òun. Ohun tó pa mí lẹ́kún ni pé mo ti ń bá òórùn kan gbé láti bí ọdún kan, tí kò sí láyé, tí ẹnikẹ́ni kò lè bá mi gbọ́. Mo ti bá aládùúgbò mi jà nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo lọ bẹ̀ ẹ́.

Mo wá sọ fún Kúdí. Ó bínú sí mi ju bó ṣe sunkún lọ. "Mọ́mì, ta ni ẹ fẹ́ máa fi pamọ́ fún?" Alhaji ní kí a dúró kí òun tún bi àwọn àgbà léèrè nílé, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n là lórí rí nínú ìdílé wa. Èmi ní mi ò dúró mọ́. Ìsọ̀ Dùgbẹ̀ ni mo tà láti fi san owó iṣẹ́ abẹ náà. Mi ò ní ka owó fún ọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé ó wọ́n, kí o sì tètè béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn nípa irú ìrànlọ́wọ́ tó wà, kí o tó ta ohun tó ń bọ́ ọ.

Wọ́n là mí lórí. Wọ́n kó èyí tó ṣeé kó, wọ́n fi èyí tó lẹ̀ mọ́ ibi ẹlẹgẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní kókó náà kì í ṣe irú èyí tó ń sáré, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń sùn. Ó fún mi ní hóró oògùn tí màá máa lò láràárọ̀ àti lálaalẹ́ kí gìrì má bàa gbé mi, ó sì ní kí n lọ gba ìtọ́jú ẹ̀rọ onítànṣán.

Ibi ẹ̀rọ yẹn, mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n ṣáájú kó má bàa já ọ láyà. Wọ́n á rẹ ọ̀rá kan sínú omi gbígbóná, wọ́n á tẹ́ ẹ sójú rẹ, bó bá tutù á le, á di ojú ìwọ fúnra rẹ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n á fi dè ọ́ mọ́ tábìlì kí orí rẹ má mì. Kò dunni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dè ọ́ tán, gbogbo wọn á jáde, ilẹ̀kùn ńlá á pa dé, ìwọ nìkan á kù pẹ̀lú ohùn ẹ̀rọ. Mò ń ka Fátíhà nínú ọkàn mi torí ẹnu mi kò ṣeé là. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ̀rọ náà kì í ṣiṣẹ́, a ó padà sílé, a ó tún wá lọ́jọ́ kejì. Irun mi re ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo dúpẹ́ pé híjáàbù wà.

Nígbà tí ìyẹn parí ni ilé wá dákẹ́. Àwọn èèyàn máa ń wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ là ọ́ lórí. Bí o bá ti lè dìde jókòó, wọ́n á rò pé ó tán. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ìgbà tó parí gan-an ni mò ń bẹ̀rù jù, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe sí ìyókù kókó náà mọ́. A kàn ń ṣọ́ ọ ni. Mo máa ń jókòó sí fàráńdà ní Bódìjà, mò ń wo àwọn èèyàn tó ń lọ sí ọjà, mò ń rò ó pé ó ń hù.

Àkókò yẹn ni Bọ́sẹ̀ mú ìgò oògùn kan wá. Ó ti lọ sí ìpàdé kan ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Challenge, ó ti forúkọ sílẹ̀ láti máa tà á. Wọ́n kọ NÁÁNÒ sára ìgò náà pẹ̀lú àwọ̀ wúrà.

"Ìyá Kúdí, mo rí obìnrin tó jẹ́rìí. Èmi fojú ara mi rí i," ó wí. "Ó kéré débi pé ó ń wọ inú eegun. Kò sí ibi tí kò lè dé nínú ara. Ọ̀fẹ́ ni mo gbé e wá fún ọ, mi ò gba kọ́bọ̀."

Mo gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ta ni kò ní gbà á? Ẹni tó fi ọwọ́ lásán nu itọ́ ẹnu mi nígbà tí gbogbo ọjà sá ni. Àwọn tó ń tà á ní ẹni tó bá ń mu ún kò gbọdọ̀ da oògùn òyìnbó pọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà mo pa oògùn gìrì mi tì. Kò pẹ́ tí mo fi ṣubú nínú takisí ní ọ̀nà Mọ́kọ́lá. Awakọ̀ náà gbé mi lọ sílé ìwòsàn, ó sì lo fóònù mi láti pe Kúdí.

Bí o kò bá gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu mi, gbọ́ èyí: má ṣe fi oògùn gìrì rẹ sílẹ̀ lójijì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Kúdí mú ìgò náà, ó kà á yípo. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ló ń kọ́. Ó ní, "Mọ́mì, náánò gidi wà láyé o, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí. Obìnrin kan wà ní ọ̀dọ̀ wa, Dókítà Adéọtí. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Fún kókó inú ọpọlọ."

Mi ò sùn dáadáa títí a fi lọ. A bọ́ sílẹ̀ ní Agbowó, a sọdá lọ sínú ọgbà yunifásítì. Dókítà Adéọtí kì í ṣe dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn. Ìwé ló kà débẹ̀. Ó lè jẹ́ àbúrò mi. Ó fún mi ní àga, ó sì sọ ọ́ yé mi bí ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà ọpọlọ, mà," ó wí. "Àánú Ọlọ́run ni. Bí májèlé bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ṣọ́ yẹn kì í jẹ́ kó wọ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n oògùn náà kì í rí àyè wọlé. Àwa wá ń ṣe hóró kan tó kéré gan-an. Bí ẹ bá fi fọ́nrán irun kan ṣe Kòkó Háòsì tó wà ní Dùgbẹ̀, hóró náà dà bí aláǹgbá tó ń rìn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A ń fi oògùn sínú rẹ̀, a ń fi nǹkan bò ó lára kí ẹ̀ṣọ́ lè rò pé ọmọ ilé ni. Bó bá wọlé tán, inú kókó ló máa lọ tú ẹrù rẹ̀ sí."

"Ṣé ẹ ti ṣe é?"

"A ti ṣe é."

"Níbo ló wà?"

Ó wo fíríìjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kó tó rántí pé kò yẹ kí òun wò ó. Gíláàsì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo rí àwọn ìgò kékeré tó tò, omi inú wọn pupa díẹ̀ bí omi sobo tí wọ́n bu omi là.

"Ẹ fún mi," mo wí.

"Àlíjà, eku la ṣì ń fún."

"Ẹ sọ èmi náà di eku."

Kúdí fà mí lápá. Mo ti kúnlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀, èmi tí mo dàgbà jù ú lọ. Mo di ẹ̀wù funfun rẹ̀ mú, mò ń bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́, mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ní kó fún mi. Dókítà Adéọtí náà bá kúnlẹ̀ níwájú mi lórí símẹ́ǹtì. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ dìde, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Nínú àwọn eku yẹn, kókó àwọn kan kéré sí i. Ẹ̀dọ̀ àwọn kan bàjẹ́, wọ́n kú kí kókó tó pa wọ́n. A ò tíì mọ ohun tó fà á. Bí eku bá kú, màá kọ ọ́ sínú ìwé pé ó kú. Bí ẹ̀yin bá kú, kí ni mo fẹ́ sọ fún Kúdí?"

Mo ní, "Bí mi ò bá mu ún ńkọ́, ṣé mi ò ní kú ni?"

Ó di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìgò Bọ́sẹ̀ hàn án. Ó ní òun kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ pé ó ń wo gbogbo àìsàn, kí n béèrè pé ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló sì kọ iye àwọn tí kò ṣe lóore sílẹ̀.

Mo jáde níbẹ̀, mo ní kí Kúdí máa lọ kíláàsì. Mo rìn ní Agbowó láàárín àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì àti àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lórí ọ̀kadà. Mi ò rò pé mo tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹni tó ní oògùn kò fún mi. Ẹni tó fún mi kò ní oògùn. Mo bínú sí obìnrin náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, mi ò gbé fóònù rẹ̀ nígbà tó pè láti béèrè àlàáfíà mi.

Ṣùgbọ́n mo gbé ìgò padà fún Bọ́sẹ̀. Mo rọra sọ ọ́, mo dúpẹ́, mo ní mo ti padà sí oògùn gìrì mi. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹni tó fún ọ lo kọ̀," ó wí. "Ẹni tó fi dù ọ́ lo gbà gbọ́."

"Bọ́sẹ̀, kì í ṣe ìwọ ni mo kọ̀."

"Ó dáa."

Kò tún wá mọ́. Mo gbọ́ pé òun náà ti ṣíwọ́ títa ìgò náà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ìtìjú ti wọ àárín wa. A máa ń kí ara wa bí a bá pàdé. "Ṣé àlàáfíà ni?" "A dúpẹ́." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ohun tí àìsàn yìí gbà lọ́wọ́ mi, òun ni mo ṣì ń wá.

Lẹ́yìn bí ọdún kan àti ààbọ̀, fọ́tò fi hàn pé ìyókù kókó náà ti ń fẹ̀. Wọ́n ní àwọn á tún là mí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù, mo rí Dókítà Adéọtí tó ń bọ̀ pẹ̀lú òróńbó nínú ọ̀rá. Ó jókòó. Ó ní Kúdí ló sọ fún òun pé wọ́n fẹ́ tún là mí.

"Mà, mo wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín, ẹ sì lè sọ pé rárá. Bí wọ́n bá yọ kókó náà, ẹ jẹ́ kí n gbà díẹ̀ nínú rẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"A fẹ́ tọ́ ọ nínú àwo. Bó bá dàgbà, a ó wá fún un ní oògùn wa, ká wo bó ṣe máa ṣe. Ti èèyàn yàtọ̀ sí ti eku."

Mo wò ó. "Ẹ máa fún òun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi tí mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ ò fún mi. Òun tó fẹ́ pa mí, ẹ máa fún un."

Ó sorí kọ́. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ti yí ojú síbòmíràn. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀; òun náà bá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa méjèèjì. Mo fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ó bó òróńbó kan fún mi, ó jókòó tì mí títí Kúdí fi dé.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Iṣẹ́ abẹ kejì lọ dáadáa, ṣùgbọ́n díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀, á sì máa wà níbẹ̀. Mò ń lo oògùn. Orúkọ èèyàn máa ń fò mọ́ mi lórí, mo sì máa ń gbàgbé ohun tí mo lọ mú nínú yàrá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan òórùn yẹn máa ń yọjú. Màá jókòó, màá dúró kó kọjá. Mo gbé tábìlì kan sí iwájú ilé ní Bódìjà, mò ń ta tùràrí níbẹ̀. Alhaji ń pè láràárọ̀ láti Ṣakí; nígbà mìíràn àwa méjèèjì kì í rí nǹkan sọ, síbẹ̀ kì í tètè gé fóònù. Kúdí máa ń sùn sọ́dọ̀ mi lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó kù, èmi nìkan ni.

Ní oṣù tó kọjá, Dókítà Adéọtí ní kí n wá wo nǹkan. Èmi àti Kúdí lọ. Kúdí jókòó síta lábẹ́ igi, ó ní òun kò fẹ́ rí i. Mo wọlé. Dókítà gbé àwo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ti ń tọ́ kókó mi sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú kò lè rí, ó ní kí n fi ojú mi sí i.

Mo rí wọn. Wọ́n gùn, wọ́n tinrin, wọ́n na ọwọ́ síra wọn bí ewéko inú omi. Wọ́n ń dán. Mo retí pé màá kórìíra wọn.

"Èyí tó ti ká jọ, tó dúdú, ó ti kú," ó sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. "Hóró wa wọ inú rẹ̀. Èyí tó ń dán ṣì wà láàyè."

"Èyí tó ń dán ló pọ̀ jù."

"Òun ló pọ̀ jù, mà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tó kú."

"Ìgbà wo ló máa tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn?"

"Ó máa pẹ́. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín."

"Ṣé yóò bá mi láyé?"

Ó ní òun kò mọ̀. Mo tún fojú mi sí ẹ̀rọ náà, mo wò wọ́n dáadáa, èyí tó kú àti èyí tó yè. Mo ronú nípa ẹni kan níbì kan ní ìlú yìí, tó ń lọ tó ń bọ̀, tí kò tíì mọ̀ pé ohun kan ti ń hù sí òun lórí. Bóyá ìwọ ni.

Mo béèrè pé kí ni wọ́n ń fún àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ. Dókítà ní omi kan tó ní ṣúgà díẹ̀ nínú, àwọn máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì.

"Ẹ máa bọ́ wọn dáadáa," mo wí. "Ẹ má jẹ́ kí ebi pa wọ́n kí ẹ tó rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí."

Ó ṣèlérí. Mo jáde síta. Kúdí dìde, ó ń wo ojú mi láti mọ ohun tí mo rí. Mo sọ fún un pé ebi ń pa mí, a sì rìn lọ sí Agbowó lọ wá ibi tí a ti máa jẹun.